Ìyẹ̀rosùn Lórí Ọpọ́n, Wúrà Lórí Bébà Aláró

Ìbà Olódùmarè, ọba ayérayé. Ìbà Ọ̀rúnmìlà, Ẹlẹ́rìí Ìpín. Ìbà Èṣù Ọ̀dàrà, tí ojú rẹ̀ kì í kúrò lórí ọpọ́n. Ìbà àwọn àgbà awo tí wọ́n ti lọ sílé, àti ẹ̀yin tí ẹ kù lẹ́yìn wọn tí ẹ di ìdí Ifá mú. Ìlú tí a wà yìí ń jẹ́ Ìbà. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ṣí ẹnu sọ̀rọ̀ níbẹ̀ láìkọ́kọ́ júbà.  

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ dá lórí ìbéèrè kan tí kò sí ilé awo kan nínú Ẹ́sítéètì yìí tí kò tíì gbọ́ ọ rí. Àwọn ilé tí ìjọba Jákándè kọ́ fún wa kò jìnnà síra. Ògiri kan ṣoṣo ni ó pààlà láàárín ẹni tí ń kí Ifá rẹ̀ ní ìdájí, ẹni tí ń kírun, àti ẹni tí ń ka Bíbélì. Níbi tí a ti ń bá ara wa gbé báyìí, aládùúgbò a máa béèrè pé, "Baba, àwa ní Bíbélì, àwọn ará ẹ̀yìnkùlé ní Kùránì. Ìwé tiyín dà?" Àwọn ọmọ wa tí wọ́n ń lọ sí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó tí ó wà nítòsí wa ń gbọ́ ìbéèrè kan náà lẹ́nu àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn. Ìdáhùn tí ó yá wa lẹ́nu ni pé inú ni ìwé Ifá. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọmọ wa ń sọ ọ́ bí ẹni tí ń tọrọ àforíjì. A fẹ́ fi ìtàn hàn wọ́n pé kò sí àforíjì tí wọ́n ní í tọrọ. A sì fẹ́ fi ìtàn kan náà rán àwa àgbà létí pé gbèsè kan wà lọ́rùn wa.

Àwọn tí ó fi wúrà kọ ọ̀rọ̀ mímọ́

Láàárín àwọn tí ó náwó nára sórí kíkọ ọ̀rọ̀ mímọ́, díẹ̀ ni ó lè bá àwọn ẹlẹ́sìn Búdà ilẹ̀ Ṣáínà, Kòríà àti Jàpáànì dọ́gba. Wọn a pa bébà láró títí yóò fi dúdú bí ojú ọ̀run ní òru. Ewéko tí àwọn ará Jàpáànì ń lò kì í ṣe èlú tiwa, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan náà ni méjèèjì ń ṣe, aláró Abẹ́òkúta tàbí ti Òṣogbo tí ó bá rí bébà náà yóò sì mọ àwọ̀ rẹ̀. Wọn a wá lọ wúrà kúnná bí àtíkè, wọn a pò ó mọ́ ohun tí ń lẹ̀ tí a sè láti ara awọ ẹran, wọn a sì fi gègé onírun kọ ọ̀rọ̀ Búdà sórí bébà náà. Bí ó bá gbẹ tán, eyín ìmàdò ni wọ́n fi ń ra ojú rẹ̀ títí yóò fi máa dán. Awo tí ó bá gbọ́ èyí yóò rántí ìrọ́kẹ́ wa, eyín erin tí a fi ń lu ojú ọpọ́n láti pe Ọ̀rúnmìlà sí ọ̀rọ̀.

Púpọ̀ nínú àwọn ìwé náà kì í ní ojú-ewé tí a ń ṣí. Kíká ni a ń ká wọn bí ẹní. Kí ẹni tí ń tú u tó kan ọ̀rọ̀, àwòrán ni yóò kọ́kọ́ rí níbẹ̀rẹ̀. Wúrà ni a fi fà á: Búdà jókòó, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n pagbo yí i ká, òkè sì wà lẹ́yìn wọn. Ìdí wà tí wọ́n fi yan aró àti wúrà. Nínú ìwé wọn, ilẹ̀ ayé mímọ́ tí Búdà ń gbé jẹ́ òkúta iyebíye aláwọ̀ aró, wúrà ni ó sì pààlà àwọn ọ̀nà rẹ̀. Ẹni tí ó bá tú ìwé náà sílẹ̀ ti tẹ́ ilẹ̀ ayé yẹn síwájú ara rẹ̀.

Ní ìlú Hiraizumi ní ìhà àríwá Jàpáànì, ìjòyè kan wà tí ń jẹ́ Fujiwara no Kiyohira. Ogun pa baba rẹ̀, ogun sì pa aya àti ọmọ rẹ̀. Nígbà tí agbára dé ọwọ́ rẹ̀, ó kọ́ tẹ́ḿpìlì Chūson-ji láti fi tu ọkàn gbogbo àwọn tí ó kú lójú ogun, ìbáà jẹ́ ọ̀rẹ́, ìbáà jẹ́ ọ̀tá. Ó jẹ́ kí a da gbogbo ìwé ẹ̀sìn Búdà kọ fún tẹ́ḿpìlì náà sórí bébà aláró, ìlà kan ní wúrà, ìlà tí ó tẹ̀ lé e ní fàdákà. Iṣẹ́ náà parí ní nǹkan bí ọdún 1126, àwọn ìwé kíká náà sì lé ní 5,000. Ilẹ̀ tí Kiyohira ń jọba lé lórí ni a ti ń wa wúrà. Láìsí èyí, ta ni ì bá gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀?

Kì í ṣe àwọn Búdà nìkan ni ó ṣe irú iṣẹ́ yìí. Ní Áfíríkà tiwa, ọ̀pọ̀ ojú-ewé Kùránì kan wà ní Tùnísíà tí a fi wúrà kọ sórí awọ ẹran tí a pa láró, iṣẹ́ tí ó ti tó ẹgbẹ̀rún ọdún. Àwọn tí ó ṣe é àti àwọn ará Hiraizumi kò mọ ara wọn rí. Èrò kan náà ni ó wà lọ́kàn wọn: bí ọ̀rọ̀ bá tóbi, ó yẹ kí ohun tí a fi kọ ọ́ tóbi, kí ó sì pẹ́ láyé.

Ohun tí àwa fi ń kọ tiwa

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ọpọ́n. Igi ni ọpọ́n, epo, ọwọ́ àti ọjọ́ a sì máa sọ ọ́ di dúdú. Ìyẹ̀rosùn ni a ń bù sí i, ìyẹ̀ tí ikán jẹ jáde lára igi ìrosùn, tí àwọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ lórí igi dúdú náà. Ẹ kíyè sí i pé ikán, tí gbogbo oníwèé ń bẹ̀rù, tí í máa jẹ bébà àti pákó tí a tò ó sí, òun ni ó ń ṣe ohun ìkọ̀wé fún wa. Kò sí ọba tí ó ní láti wa kòtò wúrà kí awo tó lè tẹ odù. Tálákà ní ohun tí ó tó láti fi kọ ọ̀rọ̀ Ọ̀rúnmìlà, olówó kò sì ní èyí tí ó ju tirẹ̀ lọ.

Ikin 16 ni babaláwo ń fi ọwọ́ ọ̀tún kó láti inú ọwọ́ òsì. Bí ó bá ku ẹyọ kan, yóò tẹ méjì. Bí ó bá ku méjì, yóò tẹ ẹyọ kan. Ọ̀tún ni ó ń kọ́kọ́ tẹ̀, kí ó tó tẹ òsì, títí ẹsẹ̀ mẹ́rin yóò fi pé ní ọ̀tún, tí mẹ́rin yóò sì pé ní òsì. Ojú odù jẹ́ 16, àmúlù wọn jẹ́ 240, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 256. Ìyàtọ̀ kan wà láàárín ìkọ̀wé yìí àti ti àwọn Búdà tí ó yẹ kí ọmọ awo rò dáadáa. Tiwọn, ìmọ́lẹ̀ ni a bù lé òkùnkùn. Tiwa, ìka ọwọ́ ń ṣí ìyẹ̀ tí ó mọ́lẹ̀ kúrò, igi dúdú tí ó wà nísàlẹ̀ a sì yọ ojú. A kò fi ohunkóhun kún ọpọ́n nígbà tí a bá ń tẹ odù. Ohun tí ó wà lábẹ́ ni a ń ṣí sílẹ̀.

Àwa náà ní àwòrán tiwa. Etí ọpọ́n ni ó wà, iṣẹ́ ọ̀nà tí àwọn agbẹ́gilére fi ọ̀bẹ gbẹ́: ojú Èṣù ní òkè tí ó dojú kọ awo, ẹyẹ, ejò, ẹja, ẹni tí ó gun ẹṣin, obìnrin tí ó kúnlẹ̀. Bí Búdà àti àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe ń ṣáájú ọ̀rọ̀ nínú ìwé kíká, bẹ́ẹ̀ ni àwọn wọ̀nyí ṣe yí ọ̀rọ̀ ká lórí ọpọ́n. Àwòrán tiwa kì í kúrò. Ọ̀rọ̀ ni ó ń kúrò. Bí a bá ti kí Ifá tán, a ó bu ìyẹ̀ náà sórí ẹbọ, tàbí kí a fi kan orí ẹni tí ó dífá, tàbí kí a pò ó mọ́ epo kí ó lá a. Ìwé náà wọ inú ara rẹ̀, ojú ọpọ́n sì tún ṣófo.

Nígbà tí àwa wà lọ́dọ̀ ọ̀gá wa, kí ojú mọ́ ni ó fi ń pè wá sí ìdí ọpọ́n. Yóò tẹ odù kan, a ó pe orúkọ rẹ̀, a ó kí ẹsẹ kan lẹ́yìn rẹ̀, yóò sì fi àtẹ́lẹwọ́ pa á rẹ́. Ní ọjọ́ kejì, kò ní tẹ̀ ẹ́ mọ́. Orúkọ rẹ̀ nìkan ni yóò dá, àwa ni yóò sì kí i. Bí kò bá pa á rẹ́, ojú wa ni ì bá máa gbẹ́kẹ̀ lé. Pípa tí ó ń pa á rẹ́ ni ó sọ ọ́ di dandan fún wa láti gbé e sínú.

Ọpọ́n tí ó dá lọ sí Ulm

Títì Èkó sí Àgbádárìgì tí ó kọjá lẹ́nu ọ̀nà wa níhìn-ín, bí a bá gbà á kọjá Okokomáìkò àti Àgbádárìgì, yóò gbé wa dé Sẹ̀mẹ̀, dé Àjàṣẹ́, dé Kútọnu, títí a ó fi yà sí ìlú Allada. Ifá ni wọ́n ń pè ní Fá níbẹ̀, bokonon ni wọ́n sì ń pe babaláwo. Ní ọ̀rúndún 17, Allada jẹ́ ìjọba ńlá tí àwọn Òyìnbó ń bá ṣòwò, pàápàá òwò ẹrú. Láti ibẹ̀ ni ọpọ́n Ifá kan ti bọ́ sí ọwọ́ wọn, tí ó sì dé ìlú Ulm ní Jámánì, sí ọwọ́ oníṣòwò kan tí ń jẹ́ Christoph Weickmann, ẹni tí ó ń kó àwọn nǹkan àjèjì jọ. Ní ọdún 1659, Weickmann tẹ ìwé kan jáde tí ó to ohun tí ó ní lẹ́sẹẹsẹ, ọpọ́n náà sì wà nínú rẹ̀. Ó ṣì wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìlú Ulm títí di òní. Gígùn rẹ̀ lé díẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 55, ìbú rẹ̀ sì tó 35. Nínú gbogbo ọpọ́n Ifá tí a mọ̀ láyé, kò sí èyí tí a mọ̀ pé ó dàgbà jù ú lọ.

Kí ni ìwé 1659 pe ọpọ́n yìí? Ó pè é ní pátákó tí ọba Allada fi ń rúbọ sí òrìṣà rẹ̀, ó sì sọ pé àwòrán èṣù burúkú ni a gbẹ́ sí i lára. Kò sí ọ̀rọ̀ kan nípa ikin, kò sí ọ̀rọ̀ nípa odù, kò sí orúkọ agbẹ́gilére, kò sí orúkọ bokonon tí ó jókòó tì í. Igi ni wọ́n rà. Ẹnu tí ó ń sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ kò bá a lọ. Ó ti lé ní 360 ọdún tí igi náà ti wà ní Ulm, kò sí ikán tí ó jẹ ẹ́, kò sí iná tí ó jó o. Síbẹ̀, nínú gbogbo odù tí ọwọ́ tẹ̀ sórí rẹ̀ kí ó tó kúrò nílé, kò sí ẹyọ kan tí ènìyàn lè kà lára rẹ̀. Bí àwọn onímọ̀ ṣe mọ̀ ọ́n fún ọpọ́n Ifá ni pé irú rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ àwọn babaláwo àti bokonon tí wọ́n ń lò ó.

Ìwé Kiyohira náà kúrò nílé. Èyí tí ó ju 4,000 lọ nínú wọn wà lórí Òkè Kōya lónìí, díẹ̀ péré ni ó kù ní Chūson-ji. Ṣùgbọ́n àárín àwọn àlùfáà Búdà bíi tiwọn ni wọ́n bọ́ sí, àwọn tí ó lè ka gbogbo ìlà wúrà àti ti fàdákà. Ọpọ́n Allada bọ́ sí àárín àwọn tí kò mọ orúkọ rẹ̀.

A lè fi ìtàn ilẹ̀ tí a ń gbé yìí gbè é lẹ́sẹ̀. Àwórì ni ó ni ilẹ̀ Ìbà àti Ọ̀jọ́. Àwọn baba wọn sọ pé Ògúnfúnmínírè tẹ̀ lé àwo kan tí ó ń léfòó lórí omi láti ìhà Ifẹ̀, títí àwo náà fi rì ní Ìṣẹ́rí. Kò sí ẹni tí ó tún rí àwo náà láti ọjọ́ yẹn. Ẹnu àwọn ọmọ rẹ̀ ni kò jẹ́ kí ó sọnù, ó sì di orúkọ gbogbo wọn.

Ìdí tí àwọn Búdà fi kọ tiwọn sílẹ̀

Àwọn ọmọ wa tí ó rò pé ìwé ni gbogbo ẹ̀sìn ńlá fi bẹ̀rẹ̀, ẹ fetí sílẹ̀. Búdà kò kọ ìwé kankan. Fún ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún lẹ́yìn ikú rẹ̀, orí ni àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ fi ń gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀. Wọ́n pín in láàárín ara wọn: ẹgbẹ́ kan a gba apá kan, ẹgbẹ́ kejì a gba apá mìíràn, wọn a sì jọ máa kà á lóhùn kan kí àṣìṣe má baà wọlé. Ní nǹkan bí ọ̀rúndún kìíní kí a tó bí Jésù, ogun àti ìyàn dé ilẹ̀ Sri Lanka. Àwọn tí ó gbé ọ̀rọ̀ náà sórí ń kú. Ẹ̀rù bà wọ́n pé bí ẹni kan ṣoṣo tí ó kù tí ó mọ apá kan bá kú, apá náà ti lọ nìyẹn. Nígbà náà ni wọ́n jókòó, tí wọ́n kọ ọ́ sórí ewé ọ̀pẹ. Wúrà Hiraizumi kò tíì sí nígbà náà. Ìbẹ̀rù ìpàdánù ni ó kọ ìwé àkọ́kọ́.

Irú ìbẹ̀rù bẹ́ẹ̀ ti kan àwa náà. Àwọn ọmọ wa tí a kó lẹ́rú lọ sí Kúbà gbé Ifá dání nínú orí. Nígbà tí ó pẹ́, tí èdè bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ lẹ́nu àwọn ọmọ wọn, àwọn babaláwo ibẹ̀ kọ odù sínú ìwé kékeré tí ọ̀gá ń fi lé ọmọ lọ́wọ́. Gedegbe, ẹni tí ó ti dá Fá fún Ọba Béhanzin ti Dànhòmẹ̀, sọ púpọ̀ nínú ohun tí ó mọ̀ fún Bernard Maupoil, ìwé Maupoil sì jáde ní ọdún 1943. Wándé Abímbọ́lá tẹ Ìjìnlẹ̀ Ohùn Ẹnu Ifá jáde ní ọdún 1968 àti 1969, láti ẹnu àwọn babaláwo tí ọ̀pọ̀ wọn ti lọ sílé báyìí. Ní ọdún 2005, UNESCO kéde Ifá gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú àwọn ogún àtẹnudẹ́nu tí gbogbo ayé ní láti dáàbò bò. A dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ohun tí a bá gbà wọlé sínú ìwé ni ohun tí ẹnu kan ṣì mọ̀ ní ọjọ́ tí a gbà á.

Ohun tí ó wà níwájú wa

Ọmọ awo kan wá bá wa láìpẹ́ yìí, ó mú fóònù jáde. Ó ti ya àwòrán odù tí ọ̀gá mìíràn tẹ̀ fún un. Ìyẹ̀rosùn náà mọ́ kedere, ìlà rẹ̀ kò ṣe é ṣì. A ní kí ó kí i. Kò lè kí i. Ó gbé àwòrán náà dání bí Weickmann ṣe gbé ọpọ́n dání. Kì í ṣe ẹ̀bi ọmọ náà nìkan. Ta ni ó jókòó tì í ní ìdájí fún ọdún méje?

Nítorí náà, a fi ọ̀rọ̀ mẹ́ta síwájú ẹgbẹ́ wa. Ìkínní, kí ọmọ kọ́kọ́ fi etí àti ẹnu kọ́ ọ, kí a tó jẹ́ kí ó fi ọwọ́ kọ ọ́ tàbí kí ó fi ẹ̀rọ gba ohùn rẹ̀. A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má kọ ọ́. Ẹni tí ó ti gbé ẹsẹ sórí lè kọ ọ́ kí ó má baà sọnù, kí ó sì kọ orúkọ ẹni tí ó kọ́ ọ àti ìlú rẹ̀ sí i, nítorí ẹsẹ Ìjẹ̀bú lè yàtọ̀ sí ẹsẹ Ọ̀yọ́, méjèèjì sì jẹ́ ti Ifá.

Ìkejì, kí àwa àgbà ṣe bí àwọn ará Sri Lanka ti ṣe kí ìyàn tó dé wọn: kí a pín ẹrù. Láàárín àwa tí a jókòó síbí, olúkúlùkù ní ẹsẹ tí ẹlòmíràn kò ní. Kí àgbà kọ̀ọ̀kan sọ odù tí ó jinlẹ̀ sí jù, kí a sì fi ọmọ awo méjì tì í, kí wọ́n máa bá a kà á ní ọjọ́ Ifá. Bí ẹnìkan nínú wa bá lọ lónìí láìkọ́ni, kò sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí a ti lè lọ wá ohun tí ó gbé lọ.

Ìkẹta, ọ̀rọ̀ ọpọ́n. Bí awo bá kú, àwọn oníṣòwò a máa wá bá àwọn ọmọ rẹ̀, wọn a sì nawọ́ owó sí ọpọ́n rẹ̀. Ẹ má tà á. Bí kò bá sí ọmọ tí yóò jókòó tì í, ẹ gbé e fún ẹgbẹ́, kí ẹgbẹ́ gbé e fún ọmọ awo tí ó yẹ. Kí a sì ní ìwé kan tí a ó kọ orúkọ gbogbo ọpọ́n wa sí: ẹni tí ó gbẹ́ ẹ, ìlú rẹ̀, àti àwọn tí ó ti lò ó. Ìwé yẹn ni kò sí lẹ́yìn ọpọ́n Allada.

Bí aládùúgbò bá tún béèrè ìwé wa, kí ọmọ má ṣe wolẹ̀. Kí ó sọ fún un pé àwọn kan fi wúrà kọ tiwọn, ó dára púpọ̀, ó sì yẹ fún ọ̀wọ̀. Pé ìyẹ̀ igi ni àwa fi ń kọ tiwa, a sì ń pa á rẹ́, nítorí a ní ẹni tí ó mọ̀ ọ́n. Kí àwa àgbà sì rí i pé òótọ́ ni ọmọ náà ń sọ nígbà tí ó bá sọ pé a ní ẹni tí ó mọ̀ ọ́n.

Kí Ọ̀rúnmìlà jẹ́ kí ọdún yìí sàn wá. Kí àwa àgbà pẹ́ láyé, kí àwọn ọmọ gbà á lọ́wọ́ wa. Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ.